Ṣé dandan ni kí àgbà olórin máa ní orin tó gbòde?

Orin tó bá gbòde ní Mushin lónìí, kì í pẹ́ tí òmíràn yóò fi lé e kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé àgbà olórin tí kò bá ti ní orin tó ń jà ràn-ìn lórí rédíò ti di ẹni àná. Ṣùgbọ́n ìtàn olóògbé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kò fara mọ́ èrò yìí.

Lóòótọ́, orin tó gbòde ló gbé Fẹlá fúnra rẹ̀ ga. Jẹun Kó Kú tó gbé jáde ní 1971 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tán, ó gba ọ̀nà tirẹ̀. Orin rẹ̀ gùn ju ohun tí rédíò lè gbà lọ: Zombie, tó jáde ní 1976, lé ní ìṣẹ́jú 12. Bí ó bá sì ti gba orin kan sínú àwo, kì í fẹ́ kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Lady, kó lọ ra àwo rẹ̀. Ẹni tó bá wá sí Shrine ní Empire Hotel, Ìdí-Òrò, orin tí kò tíì dé ọjà ni yóò gbọ́.

Ohun tí ì bá tú ẹgbẹ́ mìíràn ká ṣẹlẹ̀ sí i. Àwọn sójà dáná sun ilé rẹ̀, Kalakuta, ní February 18, 1977. Lẹ́yìn eré tí wọ́n ṣe ní Berlin ní 1978, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tiwọn lọ. Fẹlá tún òmíràn tò, ó pè é ní Egypt 80. Lẹ́yìn Underground System ti 1992, kò gbé àwo tuntun jáde mọ́ títí ó fi kú ní August 2, 1997. Síbẹ̀, èrò bí omi ló ya lọ wo òkú rẹ̀ ní Tafawa Balewa Square.

Ọmọ ọdún 14 ni Ṣeun nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Àwọn àgbà bíi Lékan Animashaun, tó ti wà pẹ̀lú Fẹlá láti ìgbà Koola Lobitos, ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà túká. Ọdún 2008 ni àwo àkọ́kọ́ Ṣeun pẹ̀lú Egypt 80, Many Things, tó jáde. Nígbà tó fi di 2019, wọ́n ti yan Black Times wọn mọ́ àwọn tó ń du Grammy.

Kì í ṣe gbogbo olórin ló lè ṣe bíi Fẹlá. Òde ìnáwó ni oúnjẹ onijùjú. Ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí 60 ní Surulere kì í béèrè orin tuntun. Orin tó fi gbé ìyàwó ló fẹ́ gbọ́. Onijùjú tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ lè má rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Agbo ló ń bọ́ àgbà olórin, kì í ṣe rédíò. Orin tó gbòde a máa júwe ilé olórin fún ènìyàn. Eré tí wọ́n bá níbẹ̀ ló ń mú wọn padà wá.