Nígbà tí Iyè Bá Ń Ra: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Àgbà àti Àwọn Tó Ń Tọ́jú Wọn

Ìwé kékeré yìí wà fún àgbàlagbà, fún ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú òbí rẹ̀ tó ti darúgbó, àti fún ẹni ogójì ọdún tó rò pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì kan òun. Ẹni ogójì ọdún yìí gan-an la fẹ́ kó kà á jù. Àìsàn tí ń ba iyè jẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá ṣìnà ládùúgbò ara rẹ̀. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, ọpọlọ a ti máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún 15 sí 20 kí ará ilé tó fura.

Ìgbàgbé wo ló yẹ kó kọni lóminú?

Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, ọpọlọ a máa súnkì díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa falẹ̀. Orúkọ ẹni kan a wà lẹ́nu, kò ní jáde, àfi ìgbà tí ẹni náà bá ti lọ tán. Ẹ lè wọ yàrá kí ẹ má rántí ohun tí ẹ wá mú. Èyí kò tó ohun tí ẹ ó torí ẹ̀ sáré wá bá dókítà. Òwe, ìtàn ìdílé, iṣẹ́ tí ẹ ti mọwọ́ rẹ̀ láti kékeré, ìwọ̀nyí kì í tètè lọ.

Ọ̀tọ̀ ni kí ìyá tó ti ń ta àlùbọ́sà láti bí ọgbọ̀n ọdún má mọ ṣéńjì tí yóò fún oníbàárà tó fi N1,000 ra ọjà N600. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé kò rántí pé òun ti fi sí i. Ó béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí omi tó hó lórí iná. Ó kírun tán ní mọ́ṣáláṣí tó ti ń lọ láti ìgbà èwe, kò wá mọ̀nà ilé mọ́. Tàbí kí ìwà yí padà: onísùúrù di oníbìínú, ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó kọ̀ láti wẹ̀. Bí irú èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan, tó sì ń peléke sí i, ẹ má sọ pé ó kàn ń ṣarán ni. Ẹ mú un wá sí kílíníìkì.

Bí ó bá jẹ́ pé òjijì ni orí dàrú, láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ méjì, pàjáwìrì nìyẹn. Ibà, àìmu omi tó, kòkòrò àrùn nínú ìtọ̀, tàbí rọpárọsẹ̀ lè fà á. Bí ẹnu bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ tààrà.

Ohun kan wà tí a kò lè fò dá. Àìsàn yìí a máa da oorun rú. Ìyá àgbà lè dìde lóru, kó máa rìn kiri, kó máa dá sọ̀rọ̀, kó máa bá ẹni tí a kò rí jà. Níbi tí wọn kò ti mọ àìsàn náà, irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àjẹ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè tó ní “bẹ́ẹ̀ ni”, wọ́n á ní ó ti jẹ́wọ́. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra lè dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ìbéèrè yòówù. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ohun tí wọ́n rí ní Ìdíkàn

Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntòkun lórí iṣẹ́ náà, dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana, l'Amẹ́ríkà, tí Hugh Hendrie ń darí. Wọ́n ń wo àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis. Ọ̀ṣúntòkun kú ní 1995, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan, nínú 1,000 àgbà ní Ìdíkàn, bí 13 tàbí 14 ni àìsàn ìgbàgbé ń mú. Ní Indianapolis, 32 ni.

Ilẹ̀ Áfíríkà làwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Àmọ́ àwọn ará Ìdíkàn kò sanra tó àwọn ti Indianapolis, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wọn kò lọ́ràá púpọ̀: ohun tí a fi iṣu àti ọkà ṣe, ẹ̀fọ́, ẹja díẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí yangàn. Ọ̀pọ̀ wa lónìí kò jẹun bí àwọn àgbà ìgbà náà, a kò sì rìn bí wọ́n ṣe ń rìn. Láàárín àwọn ará Ìdíkàn fúnra wọn pàápàá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ni àìsàn náà ń mú ju ẹni tí tirẹ̀ kò ru lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àìsàn òyìnbó ni, irọ́ ló pa.

Ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti ọpọlọ

Ọpọlọ kò ju bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń lo bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná nígbà ìsinmi. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni olórí oúnjẹ rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tó ń kó o pamọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé e wá tọ̀sán-tòru. Ohun tó bá ti ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, iyè ló ń bá jà. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa mú kí àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ inú ọpọlọ le, wọ́n a sì máa dí lọ́kọ̀ọ̀kan láìpariwo, tí ẹni náà kò ní mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ kéékèèké ti ń jà níbẹ̀. Àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú ń ṣe irú ìbàjẹ́ kan náà.

Ohun tó ń dùn wá jù ní kílíníìkì ni ẹni tó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún oṣù mẹ́ta, tí ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀, tó wá ní “mo ti yá”, tó sì da oògùn nù. Oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀. Ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà ní 2019 fi hàn pé, láàárín àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ìṣòro ìrántí kéré lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n mú ìfúnpá wọn (nọ́ńbà òkè) wá sábẹ́ 120 ju àwọn tí wọ́n mú tiwọn wá sábẹ́ 140 lọ. Kì í ṣe gbogbo arúgbó ló yẹ kó wálẹ̀ tó 120 o, torí òòyì lè gbé òmíràn ṣubú. Dókítà yín ni kó sọ ti yín.

Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù náà burú. Bàbá gbé oògùn àtọ̀gbẹ mì láàárọ̀, kò jẹun, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ. Bó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà tàbí ẹlẹ́rìndòdò lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tó wà níkàáwọ́ wa

Ní 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn Lancet kó jọ tọ́ka sí ohun 14 tó ń fi kún ewu àìsàn ìgbàgbé. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, a lè dènà bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tàbí kí a dá a dúró pẹ́. Sìgá, ọtí àmujù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èéfín àti orí fífọ́ nínú jàǹbá wà lára wọn. Ẹ dé akoto lórí ọ̀kadà.

Etí ló ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù nínú wọn. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa a máa fi gbogbo agbára ọpọlọ wá ohun tí wọ́n ń sọ, nígbà tó bá yá a jáwọ́, a jókòó sí kọ̀rọ̀, wọn ò sì ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí lásán ni, nọ́ọ̀sì yóò sì fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná ro ó.

Ẹ máa rìn. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni àjọ ìlera àgbáyé ń fẹ́, kó jẹ́ ìrìn tí èémí ń yára díẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2011, àwọn àgbà rìn fún ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀yà ọpọlọ tí ń tọ́jú ìrántí ti fi bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Ti àwọn tó kàn ń na ara súnkì.

Kò sí oúnjẹ ọpọlọ kan tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja títù, èso: ọjà tó wà nítòsí ní gbogbo rẹ̀. Àmàlà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òkìtì rẹ̀ ló ń ṣe wá. Iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ṣíbí kékeré kan lọ, ti inú máàgì sì wà nínú ìṣirò.

Oorun wákàtí méje sí mẹ́jọ dára. Bí àwọn olùgbálẹ̀ ọjà ṣe ń dúró kí ọlọ́jà lọ tán, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń dúró de oorun kó tó kó ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Ẹni tó ń hanrun gidigidi, tí èémí rẹ̀ a tún máa dúró lójú oorun, kó sọ fún dókítà.

Àgbà ń fẹ́ ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọpọ́n ayò, ìpàdé ẹgbẹ́, ìsọ̀ kékeré tí kò mówó wọlé púpọ̀: ẹ má tètè ní kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní London tàbí Houston tí ẹ mú Màmá lọ, tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ dalẹ́ láìrí ẹni kí, ẹ bá a wá ìjọ tàbí ẹgbẹ́ Yorùbá tó wà nítòsí.

Ọ̀pọ̀ ń bi wá nípa ìsọ̀yè àti kápúsù ìrántí tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Ewé ginkgo tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, wọ́n fún àwọn àgbà tó lé ní 3,000 l'Amẹ́ríkà fún ọdún mélòó kan. Ní 2008, èsì jáde pé kò dènà àìsàn náà rárá. Ẹ fi owó yẹn ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní kílíníìkì

Ẹ kó gbogbo oògùn tí àgbà náà ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo. Piriton àti diazepam tí wọ́n fi ń wá oorun lè máa da iyè rú fún arúgbó, ẹni tó bá sì ti lo metformin pẹ́ lè ṣàìní fítámì B12 tó. A ó wọn ìfúnpá, a ó yẹ ṣúgà, B12 àti oje ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) wò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ìgbàgbé tí díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí fà ṣeé wò.

Kí ẹni tó ń bá a gbé tẹ̀ lé e wá, kì í ṣe ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Yorùbá la ó fi béèrè ọ̀rọ̀: ọjọ́ wo la wà, kí ni orúkọ nǹkan yìí, kí ni a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò kàwé náà lè dáhùn wọn. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé e, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a dáhùn. Bó bá ní awò ojú tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kó lò ó wá.