Ohun Tí Àlìkámà Oko Ti Sọnù, Ti Igbó Ṣì Ní In

Búrẹ́dì, chin-chin, puff-puff: ọmọ àlìkámà ni gbogbo wọn. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé àlìkámà kan wà tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, tó sì ní ohun tí ti oko ti pàdánù?

Emmer igbó ni wọ́n ń pè é. Aaron Aaronsohn rí i ní 1906 ní Rosh Pinna, ní ilẹ̀ tó di Ísírẹ́lì lónìí. Ní 2006, Cristobal Uauy, Jorge Dubcovsky àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé jíìnì kan tó wá láti ara rẹ̀: Gpc-B1. Jíìnì yìí máa ń jẹ́ kí ewé tètè gbó, kí purotéènì, síǹkì àti irin inú ewé lè kó wọnú hóró. Nínú ọ̀pọ̀ àlìkámà tí à ń jẹ, ó ti bàjẹ́ tàbí kó ti sọnù pátápátá.

Báwo la ṣe lè dá a padà? Wọ́n fi ti igbó àti ti oko bímọ, wọ́n wá ń ṣa àwọn ọmọ tó jogún ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o: bí ewé bá tètè gbó jù, hóró lè kéré, ìkórè á sì dínkù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán an wò láti ilẹ̀ dé ilẹ̀.

Bí igbó yẹn bá wá parun, níbo la ó ti rí irú ẹ̀ mú?