Òótọ́ àbí Irọ́: Ṣé Lóòótọ́ ni Èdè Indonéṣíà Kò Ní Gírámà?

Ẹni tó bá ń wá èdè òkèèrè tí kò ní í là á lóòógùn yóò gbọ́ orúkọ èdè Indonéṣíà láìpẹ́. Wọ́n á ní kò sí èdè tó rọrùn tó o, kódà wọ́n á ní kò ní gírámà. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èdè abínibí gbogbo ọmọ Indonéṣíà ni."

Irọ́ ni. Èdè tí wọ́n ń sọ ní orílẹ̀-èdè náà lé ní 700, èdè Java ló sì pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó jẹ́ èdè ìyá wọn. Èdè Malay, tí àwọn oníṣòwò fi ń ná ọjà láti erékùṣù dé erékùṣù, ni ìpìlẹ̀ èdè Indonéṣíà. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 1928, àwọn ọ̀dọ́ tó pàdé ní Batavia, èyí tó di Jakarta lónìí, búra pé òun ni èdè ìṣọ̀kan àwọn. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1945 ló sọ ọ́ di èdè ìjọba.

"Kò ní gírámà rárá."

Irọ́ tó fi òótọ́ bojú nìyí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nítorí àná tàbí ọ̀la. *Makan* ni jẹun. *Sudah makan*, ti jẹun. *Sedang makan*, ń jẹun lọ́wọ́. *Akan makan*, yóò jẹun. *Belum makan*, kò tíì jẹun. *Dia pergi* kò sọ bóyá ọkùnrin ló lọ tàbí obìnrin, bí "ó lọ" tiwa náà kò ti sọ ọ́. *Rumah besar* ni ilé ńlá, *rumah saya* ni ilé mi: bí tiwa ṣe tò ni tiwọn náà tò. Títí dé ibi kíkọ̀, *tidak makan* ni "kò jẹun", *bukan guru* sì ni "kì í ṣe olùkọ́".

Iṣẹ́ wà nídìí àfòmọ́. Ẹ wo *ajar*: *belajar* ni kẹ́kọ̀ọ́, *mengajar* ni kọ́ni, *pelajar* ni akẹ́kọ̀ọ́, *pengajar* ni olùkọ́, *pelajaran* ni ẹ̀kọ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *me-* tún máa ń gbé lẹ́tà mì: *tulis*, ìyẹn kọ̀wé, á di *menulis*, *sapu*, ìyẹn gbálẹ̀, á di *menyapu*. Ẹni tó bá lọ wá *menulis* lábẹ́ M nínú ìwé atúmọ̀ èdè wọn lè wá a tì, nítorí abẹ́ T, lọ́dọ̀ *tulis*, ni wọ́n tò ó sí.

"Àwa" pàápàá pé méjì. *Kita* kó ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ra, *kami* yọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé *kita* fẹ́ lọ jẹun, ẹ ti pe ẹni tó ń gbọ́ yín sí oúnjẹ nìyẹn.

"Bí ẹ bá ti pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di púpọ̀."

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. *Anak* ni ọmọ, *anak-anak* ni àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n tí iye bá ti wà níbẹ̀, wọn kì í tún un pè: *dua anak*, ọmọ méjì. *Kura-kura* sì rèé, ìjàpá ẹyọ kan péré ni. *Mata* ni ojú, *mata-mata* ni amí.

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe ń pè é."

Òótọ́ ni níbi púpọ̀. Kò ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bí èdè wa. C máa ń dún bíi C àwọn Haúsá. Kí wọ́n tó tún àkọtọ́ ṣe ní ọdún 1972, tj ni wọ́n fi ń kọ ọ́. E nìkan ni ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ó ní ju ìró kan lọ, wọn kì í sì í fi àmì sí i. *Apel* lè jẹ́ èso ápù, ó sì lè jẹ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn ọmọ ogun.

"Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó pa wá pọ̀."

Irọ́ ni. *Mie* inú Indomie ọ̀rọ̀ wọn ni, núdù ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá mọ Àtìní, Àtàláátà, Àlàrùba, Àlàmísì àti Jímọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ *Senin, Selasa, Rabu, Kamis* àti *Jumat*. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwa àtàwọn ti yá a. *Kabar* wọn àti làbárì wa, ibì kan náà ni wọ́n ti wá, ìdí nìyẹn tí ìkíni wọn, *apa kabar?*, fi dà bí ìgbà tí èèyàn ń béèrè làbárì.

"*Kamu* ni ìwọ, ẹ lè fi pe ẹnikẹ́ni."

Irọ́ ni, ó sì lè dójú tini. Ẹgbẹ́ ẹni àti ọmọdé ni *kamu* wà fún. Àgbà ọkùnrin ni *Pak*, àgbà obìnrin ni *Bu*. *Kakak* ni ẹ̀gbọ́n, *adik* ni àbúrò, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ìdájọ́ wa rèé: ẹnu ọ̀nà èdè yìí ṣí sílẹ̀ gbayawu, àmọ́ ó ní gírámà. Ẹ kọ́ *ber-, me-, di-, pe-* àti *-an* kí ẹ tó máa kó ọ̀rọ̀ jọ rẹpẹtẹ, torí ẹni tó mọ àfòmọ́ lè rí ọ̀rọ̀ márùn-ún fà yọ nínú ẹyọ kan.