Ẹ má sọ òkò lu àdán Accra, òun ló ń gbin ìrókò

Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ní ìlú Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gánà, ìṣe ọmọ ènìyàn ni àdán ń wò, ohun tí ó sì ń rí kò dára tó.

Ẹni tí ó bá gba iwájú ilé ìwòsàn àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní 37, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1941, kọjá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, yóò rí wọn lórí àwọn igi ńláńlá ibẹ̀, wọ́n so rọ̀ bí èso. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn á gbéra, ojú ọ̀run á sì dúdú. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ọba kan ni wọ́n gbé wá fún ìtọ́jú níbẹ̀, tí àwọn àdán ìlú rẹ̀ sì bá a wá. Ọba wàjà, wọ́n yọ́ gbé òkú rẹ̀ lọ, àwọn àdán kò mọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dúró dè é.

Ìtàn nìyẹn o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn àdán yìí ń ṣe kì í ṣe àlọ́. Àwọn onímọ̀ ti so ẹ̀rọ kékeré mọ́ díẹ̀ lára wọn láti mọ ibi tí wọ́n ń lọ lóru. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí àdán Accra bá pé 152,000, hóró èso tí wọn yóò fọ́n káàkiri ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo yóò ju 300,000 lọ. Wọ́n lè gbé hóró kékeré sínú dé nǹkan bíi kìlómítà 75 kí wọ́n tó yàgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìrókò wà lára igi tí wọ́n ń gbìn bẹ́ẹ̀. Igi tí Yorùbá ń bọ, tí káfíńtà ń wá kiri, àdán ni àgbẹ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, òkò àti ìbọn ni ọ̀pọ̀ fi ń san oore yìí. Ìwádìí tí ó jáde ní 2011 fi hàn pé àdán tí wọ́n ń tà fún jíjẹ ní gúúsù Gánà lọ́dún kan kò dín ní 128,000. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan péré ni abo àdán ń bí lọ́dún.

Àwọn mìíràn ní àìsàn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Òótọ́ ni pé àdán lè gbé kòkòrò àrùn, àwọn onímọ̀ sì ti rí àmì irú rẹ̀ lára ti Accra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lé wọn, tí ó fọwọ́ mú wọn, tí ó sì pa wọ́n jẹ, ni ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa ewu. Èyí tí ó so rọ̀ sórí igi kò wá ẹnikẹ́ni wálé.

Ní ọgbà ẹranko Kasanka, ní orílẹ̀-èdè Zambia, irú àdán yìí kan náà ń péjọ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, wọ́n á sì pọ̀ gan-an. Àwọn àlejò ń ti òkè òkun wá, wọ́n ń sanwó, orí pèpéle gíga ni wọ́n sì ti ń wò wọ́n lókèèrè.

Ohun tí ó yẹ kí àlejò ṣe ní Accra náà nìyẹn, àti ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí irú àdán bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Kí ó dúró lókèèrè. Kí ó má pariwo, kí ó má sọ òkò. Èyí tí ó bá já bọ́ sílẹ̀, kí ó má fọwọ́ kàn án. Èso tí àdán ti bù jẹ, kí ó má jẹ ẹ́. Kí àwọn onílé pàápàá má sì gé igi tí wọ́n ń sùn sí.

Bí igi bá tán, àdán á wá ibòmíràn lọ. Ta ni yóò wá máa gbin ìrókò lóru?