Ṣé òótọ́ ni pé irú èso àjàrà kọ̀ọ̀kan ló ní ife wáìnì tirẹ̀?

Àhesọ: Irú èso àjàrà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì ló ní ife tirẹ̀. Ẹni tó bá mu ún nínú ife mìíràn kò ní mọ adùn rẹ̀.

Àbájáde ìwádìí: Ó ń ṣini lọ́nà! Bí ife ṣe rí lè yí òórùn wáìnì padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ọ́ di dandan kí èso àjàrà kọ̀ọ̀kan ní ife ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé

Bí ẹ bá ń múra ìgbéyàwó ní Kumasi, tí ẹ wá ife lọ sí Kejetia tàbí tí ẹ wo ìpolówó lórí WhatsApp, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ọ: ife kan fún Cabernet Sauvignon, òmíràn fún Pinot Noir, ẹ̀kẹta fún Chardonnay. Owó ife ti di ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn, ẹ ò sì tíì ra ọtí.

Ilé iṣẹ́ Riedel ní orílẹ̀-èdè Austria ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́dún 1973, Claus Riedel gbé ọ̀wọ́ ife kan jáde tó pè ní Sommeliers, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún irú wáìnì kan. Àlàyé tí wọ́n sábà fi ń polówó irú ife báyìí ni pé ó ń darí wáìnì sí ibi tó yẹ lórí ahọ́n: iwájú ló mọ dídùn, ẹ̀gbẹ́ ló mọ kíkan, ẹ̀yìn ló mọ kíkorò.

Ṣé ẹ rántí àwòrán ahọ́n yẹn? Ọ̀pọ̀ wa ló yà á sínú ìwé sáyẹ́ǹsì níléèwé. Kò tọ̀nà. David Hänig, ará Jámánì, ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ lọ́dún 1901, ìyàtọ̀ tó rí láàárín apá kan àti èkejì ò tó nǹkan. Lẹ́yìn tí Edwin Boring ti Harvard tún un gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1942 ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni pé apá kan ò mọ ohun tí èkejì mọ̀. Virginia Collings yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 1974, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ náà kéré lóòótọ́. Ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n yín nísinsìnyí, ẹ ó rí i pé ó dùn.

Kí wá ni ife ń ṣe?

Imú ni ẹ wò. Òórùn ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní adùn wáìnì. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ti dí nímú rí mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún 2015, Kohji Mitsubayashi àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo fi kámẹ́rà kan ya àwòrán oru ọtí tó ń jáde lẹ́nu ife. Nínú ife wáìnì, nígbà tí ọtí náà tutù dé ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oru náà kóra jọ sí etí ife bí òrùka, àárín sì fúyẹ́, kí imú lè gbọ́ òórùn wáìnì láìjẹ́ pé ọtí ń ta á. Wọn ò rí òrùka yìí nínú ife gbọọrọ tàbí èyí tó lanu. Àmọ́ ìrísí ife ni wọ́n fi wéra, kì í ṣe irú èso àjàrà.

Àwọn tó fi títọ́ wáìnì wò ṣiṣẹ́ ṣe gan-an ní ife kan tí àjọ ISO ti fi òǹtẹ̀ lù láti ọdún 1977, ISO 3591. Ikùn rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ fún. Wáìnì pupa ni o, funfun ni o, inú rẹ̀ náà ni.

Bí ẹ bá ní ẹmu inú igbá dùn ju ti inú ife oníke lọ, mi ò ní bá yín jiyàn. Bí nǹkan ṣe rí lójú àti lọ́wọ́ náà wà lára ìgbádùn. Ṣùgbọ́n fún wáìnì àlejò yín, irú ife kan tó: èyí tí ẹnu rẹ̀ fún ju ikùn lọ. Kí ẹ má sì bu ọtí sí i kọjá ìdajì, kí òórùn lè rí àyè.