Awò Awọ̀nàjíjìn àti Ẹyẹ Wíwò

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ẹyẹ. Àwọn baba wa mọ agbe mọ aró ara rẹ̀, wọ́n mọ àlùkò mọ osùn, wọ́n mọ lékeléke mọ ẹfun. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń gbé orí igi gíga nínú igbó dúdú, bí kò ṣe pé ọdẹ yìnbọn sí wọn tàbí ọmọdé fi kànnàkànnà sọ wọ́n, ta ni í rí àwọ̀ wọn dájú? Àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní ilẹ̀ òkèèrè pàápàá, ìbọn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹyẹ tí ó bá ti kú sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn mọ̀. Awò awọ̀nàjíjìn ni ó gba ìbọn lọ́wọ́ wọn.

Awò olójú méjì yìí ni a jíròrò lé lórí, pàápàá nítorí ẹ̀yin olùkọ́ tí ilé-ìwé yín lè ra ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹyọ kan náà kò sì gbọdọ̀ di ọjà àràkábàámọ̀.

Ẹ wo ara awò náà, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì tí a kọ pọ̀, bí àpẹẹrẹ 8x42. Èkíní ń sọ ìlọ́po tí ó fi ń mú nǹkan tóbi: ẹyẹ tí ó wà ní 40 mítà yóò rí lójú wa bí ẹni pé 5 mítà ni ó wà. Èkejì ni ìbú gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé nìyẹn. Bí a bá fi èkíní pín èkejì, a ó mọ ìbú ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde bọ́ sí ojú wa. Ti 8x42 lé díẹ̀ ní mìlímítà 5. Ti 20x50 jẹ́ mìlímítà 2 àbọ̀ péré. Nínú òòrùn ọ̀sán gangan, ọmọlójú wa a máa súnkì, mìlímítà 2 àbọ̀ sì lè tó o. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, tàbí lábẹ́ igi ńláńlá, ọmọlójú a máa là tó mìlímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mú 20x50 wọ irú ibẹ̀ yóò rí òjìji ẹyẹ, kò ní í rí àwọ̀ rẹ̀.

Níbi yìí ni àwọn oníṣòwò ti ń rí wa mú. Atọ́kùn ètò wa béèrè pé, bí ìlọ́po mẹ́jọ bá dára, ṣé ogún kò ní í dára jù ú lọ? Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ń sọ ẹyẹ di ńlá ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Lẹ́yìn èyí, bí ìlọ́po ti ń pọ̀ sí i ni àyè tí ojú ń rí ń há sí i, ẹyẹ inú igbó kì í sì í dúró de ni. N kò ní í gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ. Ẹni tí ń wo ẹyẹ etí ọ̀sà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tí ìran sì gbòòrò, lè mú mẹ́wàá.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ mú awò náà jáde sí gbangba, kí ẹ fi wo wáyà iná tí ó jìnnà. Bí wáyà kan bá di méjì, tàbí bí orí bá ń fọ́ yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú méjèèjì awò náà kò bára mu. Ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ni ín.

Títún awò ṣe sí ojú ẹni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ẹ kọ́kọ́ ká a pọ̀ tàbí kí ẹ là á títí òbìrí méjì tí ẹ ń rí yóò fi di ẹyọ kan. Ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ fi ti òsì wo ewé kan, kí ẹ sì yí kẹ̀kẹ́ kékeré àárín títí ewé náà yóò fi hàn kedere. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú òsì, kí ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín mọ́. Òrùka tí ó wà níbi ojú ọ̀tún ni kí ẹ yí. Àmì tí òrùka náà bá dúró lé ni àmì ojú yín, nítorí ojú méjèèjì ènìyàn kì í sábà ríran bákan náà. Nínú kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀ sínú ìwé.

Bí ẹ bá rí ẹyẹ, ẹ má ṣe gbé ojú kúrò lára rẹ̀ láti wá awò. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, kí ẹ gbé awò wá bá ojú. Igi tí ẹ̀gà pa ìtẹ́ sí ni mo fẹ́ràn jù fún ìdánrawò: ariwo wọn kò jẹ́ kí wọ́n sọnù, akọ wọn a máa fi orí sọ́lẹ̀ rọ̀ sára ìtẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rí i pé ẹyinjú rẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kìlọ̀ gidigidi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi awò wo oòrùn. Ó lè fọ́ ojú.

Ní ti ìtọ́jú, eruku ọyẹ́ dà bí iyanrìn lórí gíláàsì. Ẹ fẹ́ ẹ dànù kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Etí ẹ̀wù yóò fi àpá sí i. Ní ìgbà òjò, ẹ má sé e mọ́ inú àpò awọ, kí ohun funfun tí í máa ń hù lára búrẹ́dì tí ó bu má baà hù nínú rẹ̀. Àpò wínníwínní tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun, tí í fa ọ̀rinrin, wúlò fún un.

Ní 1958 ni John Elgood ṣe àpèjúwe ìbátan ẹ̀gà kan tí akọ rẹ̀ dúdú, tí orí àti àyà rẹ̀ sì pupa. Ìbàdàn ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, Malimbus ibadanensis. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a mọ̀ ọ́n mọ́ ní gbogbo ayé, wọ́n sì ti rí i nínú igbó tí ó wà ní ọgbà IITA ní Ìbàdàn. Igbó ń tán, nítorí náà ẹyẹ yìí wà nínú ewu ìparun, iye rẹ̀ tí a bá sì kà ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ń dín kù. Ìbátan rẹ̀ kan, tí òun náà dúdú tí ó sì pupa, ní pupa lábẹ́ ìrù. Ti Ìbàdàn kò ní in. Orí igi ni àwọn méjèèjì máa ń wà, nínú ewé, ní òkè réré. Ẹni tí kò bá rí abẹ́ ìrù náà dájú yóò ka ọ̀kan mọ́ èkejì.