Ìwọ̀n Tí Ó Yẹ Orin Nínú Ilé



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba. Ọ̀rọ̀ kókó kékeré kan ni, èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ orin inú ilé wa, tí a ń fi ìka yí sí ọ̀tún kí ohùn lè gòkè, tí a sì ń yí sí òsì kí ohùn lè rẹlẹ̀. Ìbéèrè mi ni èyí: ibo ni ó yẹ kí a yí i dé? Èé ṣe tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi í gbádùn orin àfi bí ó bá ń mi ògiri? Kí ni ó sì ń ṣe sí etí wa, àti sí àwọn tí ó múlé tì wá?

Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò Costain, níbi tí ọ̀nà Èbúté Mẹ́ta, ti Ìgànmú, ti Ìjọra àti ti Sùúrùlérè gbé pàdé ara wọn, kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ni àdúgbò náà ń jẹ́ títí di òní. Ọkọ̀ kì í dá ní ojú ọ̀nà rẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí fèrè ọkọ̀ ti ń dún ni àwọn agbèrò ń kígbe, ni ẹ̀rọ amúnáwá ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé. Láti ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin oníná sì ti ń kọjá lẹ́bàá gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá ti Ìgànmú, èyí tí a parí ní ọdún 1976, tí a sì ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè láti ọdún 2024. Láàrin gbogbo ìró wọ̀nyí ni olúkúlùkù ilé tún ń lu orin tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1877 ni Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ kí ó sì tún un sọ. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Emile Berliner mú àwo pẹlẹbẹ jáde. Gírámọfóònù ayé ìgbà náà kò ní kókó tí a ń yí. Bí abẹ́rẹ́ bá ti bọ́ sórí àwo, ohùn tí ó bá wà nínú àwo náà ni yóò gba ẹnu ìwo jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohùn líle yóò ra abẹ́rẹ́ tí ó nípọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ yóò ra èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa fi gbọ́ ohùn Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó kọ orin Yorùbá sínú àwo ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1920. Ní ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ọ̀rọ̀ àti orin wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, nínú àpótí kékeré tí a ń kàn mọ́ ògiri.

Lẹ́yìn èyí ni agbára iná mànàmáná wọ inú ẹ̀rọ orin gan-an, kókó tí a ń yí sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Fela, ọmọ-ọmọ Àlùfáà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ń fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńláńlá kọrin ní Ìdí-Orò ní Mushin ní àwọn ọdún 1970. Irú ìró bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwo gírámọfóònù bàbá-àgbà rẹ̀. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú yàrá kan ṣoṣo lè ní ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ tó ti ẹgbẹ́ olórin kan ní àtijọ́.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò fẹ́ràn ariwo ìlù. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lu ìlù ní agboolé, ìdí kan ni a rí: ìgbéyàwó ni, tàbí ìsìnkú, tàbí ìkómọjáde. Gbogbo ará ilé mọ̀ sí i, wọ́n sì jẹ nínú àsè rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, onílù ní apá. Bí apá bá sì ro ó, yóò gbé ìlù kalẹ̀ láti sinmi. Ẹ̀rọ kò ní apá tí ń ro ó. Òun ni ó sọ ènìyàn kan di ẹni tí ń ṣe àríyá ní òru, tí àwọn aládùúgbò sì ń gbọ́ ìlù àsè tí a kò pè wọ́n sí.

Èé ṣe, nígbà náà, tí a fi ń fẹ́ kí orin ké sókè? Ìdí mẹ́ta ni mo rí.

Ìdí kìíní ni ariwo tí ó yí wa ká. Ní ọdún 1911 ni oníṣègùn ará Faransé kan tí a ń pè ní Étienne Lombard fi hàn pé ẹni tí ó bá wà láàrin ariwo a máa gbé ohùn rẹ̀ sókè láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ń ṣe sí ẹ̀rọ orin. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá ń bú, a ó yí kókó sókè kí a lè gbọ́ orin. Aládùúgbò wa yóò sì yí tirẹ̀ sókè kí ó má baà gbọ́ tiwa. Báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe ń gun àkàsọ̀ kan náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ lé e.

Ìdí kejì wà nínú etí fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí wọn jáde pé etí ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohùn bákan náà. Bí ìró bá rẹlẹ̀, ohùn tí ó rinlẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin, ni ó kọ́kọ́ ń pòórá mọ́ wa létí. Bí a bá yí kókó sókè, báàsì náà yóò padà wá, orin yóò sì kún. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìyáàlù àti gìtá tí ó rinlẹ̀ yóò wí pé, "Ìsinsìnyí ni orin yìí dùn." Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohùn yòókù ti gòkè pẹ̀lú báàsì, etí ni ó sì ń ru ẹrù náà.

Ìdí kẹta ni iyì. Àwa Yorùbá kì í fi ayọ̀ pamọ́. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tuntun ń fẹ́ kí àdúgbò mọ̀, ẹni tí nǹkan rere sì ṣẹlẹ̀ sí ń fẹ́ kí a bá òun yọ̀. Èmi kò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ìwọ̀n ni mo ń wá.

Àwọn onímọ̀ ń fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì wọn ìró, wọ́n sì fi orúkọ Alexander Graham Bell sọ ọ́. A kì í kà á bí a ti ń ka owó. Bí a bá fi 10 kún un, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìlọ́po méjì péré ni yóò rí létí wa. Ìdí nìyí tí etí fi ń tan ni jẹ. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ ní ìrọ̀rùn jẹ́ nǹkan bí 60. Wáàtì kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ orin ilé tí ó wọ́pọ̀ lè mú ìró tí ó tó 85 sí 90 jáde ní ìwọ̀n mítà kan sí ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọgọ́rùn-ún wáàtì yangàn, kí ni ó fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe nínú yàrá kan?

Nínú etí lọ́hùn-ún ni ohun kékeré kan wà tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Nínú rẹ̀ ni nǹkan bí 15,000 ẹ̀yà ara wẹ́wẹ́ wà tí ó ní irun lórí, tí ìró ń mì, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ẹ fi wọ́n wé koríko. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò dìde ní ọ̀la. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, yóò di ojú ọ̀nà, kò sì ní hù mọ́. Bí etí bá ń hó ṣíín lẹ́yìn àríyá, koríko náà ni ó dùbúlẹ̀ yẹn. Èyí tí ó bá sì ti kú nínú etí ènìyàn, kò sí oògùn tí a tí ì rí tí ń mú un hù padà. Àwọn tí ń bójú tó ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ pé kí ènìyàn má ṣe wà nínú ìró 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Pé bí ó bá fi 3 lé e, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Nípa ìṣirò yìí, 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2, 94 di wákàtí kan. Bí ó bá sì di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nísinsìnyí, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi ẹlòmíràn nìkan ni mo wá sọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó nínú ilé mi ní ìtòsí Costain, mo ń múra ìwàásù ọ̀la sílẹ̀. Orin ìyìn ni mo ń gbọ́, ti ẹgbẹ́ akọrin pẹ̀lú dùùrù ńlá, mo sì ti yí kókó sókè nítorí ariwo ọkọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni obìnrin tí ó ń gbé ní ìyàrá tí ó kọjú sí tiwa wá kí mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Àlùfáà, ẹ má bínú. Àìsàn gbé bàbá mi ṣánlẹ̀ lóru àná. A kan ilẹ̀kùn yín títí pé kí ẹ fi ọkọ̀ yín gbà wá, ẹ kò dáhùn. A gbọ́ orin yín. A mọ̀ pé ẹ kò sùn."

A dúpẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ti gbé bàbá náà lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà, "a mọ̀ pé ẹ kò sùn," kò kúrò lọ́kàn mi. Orin mímọ́ ni mo ń gbọ́. Kò dí ilẹ̀kùn kù ju orin ilé ọtí lọ.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo lọ yẹ etí mi wò. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ohùn tí ó tín-ín-rín ti ń lọ mọ́ mi létí. Mo gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí náà n kò tètè fura. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wí pé "sá," n kò mọ̀ bóyá "fá" ni ó wí. Ọjọ́ orí ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, kókó tí mo ń yí sókè lọ́dọọdún sì lè ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Etí tí ó ń kú a máa bèèrè ohùn líle sí i, ohùn líle náà a sì máa pa èyí tí ó kù.

Ní ti aládùúgbò, ẹ mọ̀ pé ohùn tín-ín-rín a máa dúró lára ògiri, ṣùgbọ́n báàsì a máa là á kọjá. Nítorí náà, orin tí ó dùn tán lọ́dọ̀ wa, gbì-gbì-gbì nìkan ni ó ń jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀, láìsí adùn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àdúgbò ibùgbé: 55 ní ọ̀sán, 45 ní òru. Kí àwa ìjọ má sì ṣe rò pé òfin náà kò kàn wá. Ní ọdún 2016, nígbà tí ìjọba ti àwọn ilé aláriwo pa, nǹkan bí 70 nínú wọn ni ó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, 20 sì jẹ́ mọ́sálásí. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu wo ni a ó fi bá ọ̀dọ́mọkùnrin inú yàrá yẹn wí?

Kí ni kí a ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí a ti fèrèsé tí ó kọjú sí ọ̀nà kí a tó fi ọwọ́ kan kókó, kí a sì sún mọ́ ẹ̀rọ dípò kí a pè é láti òkèèrè. Lẹ́ẹ̀kejì, kí a má gbé e sí igun ilé tàbí kí a fi í ti ògiri tí ó pa wá pọ̀ mọ́ aládùúgbò, nítorí igun ilé a máa fi kún báàsì. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí wa bá ní láti pariwo kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí a fi orin sílẹ̀ kí ó máa dún, kí a jáde lọ dúró lábẹ́ fèrèsé aládùúgbò ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀ ni òun ń gbọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, bí a bá rí i pé ibi tí a ń yí kókó dé lọ́dún yìí ga ju ti èṣí lọ, kí a lọ yẹ etí wò.

Àwọn àgbà ní ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya. Olúkúlùkù wa ni ó ní ìlù méjì nínú etí rẹ̀, kò sì sí ọjà tí a ti ń ra awọ mìíràn sí i. Láti alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo ti ń gbọ́ orin mi ní ìwọ̀n tí mo fi lè gbọ́ bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn. Orin náà ṣì ń dùn. Ẹ dán an wò nínú ilé yín ní alẹ́ òní.